Páànù Tí Òkúta Ojú Ọ̀run Dá Lu

Òórùn bíi ti ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé dé ni, ẹfun ṣọ́ọ̀kì ṣì wà léèékánná mi. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí àpótí, ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó ti dà káàkiri ilẹ̀, wọ́n sì na ìka sókè sí ihò kan lára páànù, níbi tí ìtànṣán oòrùn ti ń wọlé gbọnrangandan. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ààrá sán láìsí òjò, ó sì ju òkúta sí mi lẹ́bàá ẹsẹ̀." Òkúta náà wà nílẹ̀ lóòótọ́. Kò ju ìkúùkù mi lọ, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n níbi tí igun rẹ̀ kan ti ṣẹ́, inú rẹ̀ rí bíi sìmẹ́ǹtì gbígbẹ. Mo rò pé yóò jó mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó tutù. Mo fi àkísà gbígbẹ kan wé e, mo sọ ọ́ sínú agolo mílíìkì, mo sì gbọ́kàn kúrò lórí rẹ̀.

Kì í ṣe pé n kò mọ̀ pé ohun àrà ni, ọ̀rẹ́ mi. Ọkàn mi ni kò sí nílé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri wa, gbogbo ẹni tó bá sì gbé lẹ́yìn Ajah lákòókò náà ló mọ ohun tí àmì yẹn túmọ̀ sí. Ọ̀nà tuntun fẹ́ kọjá, ilé wa ló dúró sí ojú ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìjọba fún wa láti kó jáde kí wọ́n tó wó o. Bàbá ọkọ mi tó ti dolóògbé ló kọ́ ilé náà nígbà tí gbogbo agbègbè yẹn ṣì jẹ́ igbó àti àbàtà. Òun fúnra rẹ̀ ló gun òrùlé, tó kan páànù rẹ̀ mọ́gi lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ lílẹ táìlì sílẹ̀ ilé ni ọkọ mi ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é síṣẹ́. Bí a bá lọ wá ilé, ajẹ́ńtì á dárúkọ owó, ojú mi á ṣú. Ìyá ọkọ mi sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kun ọ̀dà náà ni ẹsẹ̀ wọn ti wú, oúnjẹ ò wù wọ́n jẹ mọ́. Wọ́n á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n á máa bi mí pé, "Ìyàwó mi, níbo lẹ fẹ́ gbé mi lọ?" Mo máa ń ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì ilé ìwé wa ló là mí lójú. Bí ẹni ń ṣẹ̀fẹ̀ ni mo sọ ọ̀rọ̀ òkúta náà fún un níbi tí a ti ń jẹun ọ̀sán, ni ó bá gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní ó jọ òkúta tó já láti ojú ọ̀run. Ó tẹ̀ lé mi délé, ó ya fọ́tò òkúta náà àti ihò orí páànù, ó gbé wọn sórí ẹ̀rọ ayélujára pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù mi. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ọkùnrin kan fi pè mí. Ó ní òun ní ọ́fíìsì ní Lẹ́kkí Phase 1, òkúta olówó iyebíye lòun ń rà, òun sì ń tà á fún àwọn olówó òkè òkun tó ń kó irú rẹ̀ jọ. Kò tiẹ̀ béèrè orúkọ mi kó tó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́ o. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn."

Èmi àti ọkọ mi la jọ lọ. Éésì ọ́fíìsì náà tutù débi pé eyín mi ń lura wọn. Ọkùnrin náà wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé òkúta wa sórí òṣùwọ̀n kékeré bíi ti alágbẹ̀dẹ wúrà, ó sì ń fi sùúrù ṣàlàyé fún wa. Ó ní gíráàmù ni wọ́n fi ń tà á, ṣùgbọ́n gíráàmù kan ju òmíràn lọ. Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀, tí òjò ti pa, tó ti dógùn-ún, kò fi bẹ́ẹ̀ lówó lórí. Èyí tí èèyàn gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀, tí wọ́n ṣà ní gbígbẹ, tí èèpo dúdú ara rẹ̀ ṣì pé, òun ni wọ́n ń dù mọ́ra wọn lọ́wọ́. Mágínẹ́ẹ̀tì tí àwọn aláìmọ̀kan fi ń dán an wò ló máa ń ba ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá nínú rẹ̀ jẹ́. Ó wá ku orúkọ. Wọ́n ní láti gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún àwọn onímọ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fi orúkọ ibi tó já sí pè é. Òkúta tó bá ti gborúkọ, owó rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí kò tíì gbà.

Ọkọ mi béèrè pé, "Ìgbà wo ni orúkọ ọ̀hún máa jáde?"

"Ó lè tó ọdún kan, Ọ̀gá."

"Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù fún wa kí wọ́n tó wó ilé lé wa lórí."

Mo rí ojú ọkùnrin náà bí ó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì ṣe ìkà kankan sí wa. Ó kàn gbé bírò, ó kọ iye kan sórí ìwé, ó tì í sọ́dọ̀ wa. Iye náà kò tó gba yàrá kan ṣoṣo fún ọdún kan. Mo ń wá ibi tí mo máa fi ojú mi sí kí omijé má baà bọ́, ni ó bá ní, "Àǹtí, páànù tí mo rí nínú fọ́tò yẹn dà?" Ó ní àwọn tó ń kó òkúta yìí jọ fẹ́ràn ohun tí òkúta bà lé, wọ́n lè torí rẹ̀ san owó gegere. Bí a bá lè mú páànù náà wá pẹ̀lú ihò rẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin iye tí òun kọ lòun yóò san, lójú ẹsẹ̀.

Mo yíjú sí ọkọ mi. Ojú rẹ̀ ti funfun bí eérú. Ọjọ́ méjì sẹ́yìn ló tú páànù orí ilé ìdáná, tó tà á fún oníkóńdẹ́ẹ̀mù tó ń ra irin àlòkù, kí a lè fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá.

N kò mọ bí a ṣe dé ọ̀nà Baádòrè tí oníkóńdẹ́ẹ̀mù náà ń kó irin jọ sí. Òórùn wáyà jíjó àti ìpẹtà ló gba ibẹ̀ kan. Ọkùnrin náà dá ọkọ mi mọ̀, ó sì na ọwọ́ sí ojú ilẹ̀ gbalasa tó wà níwájú rẹ̀. "Ọkọ̀ tó ń kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin ti gbé e láàárọ̀ àná." Mo jókòó sórí fíríìjì àlòkù kan, mo sì ń sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. N kò sunkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá tó bí mi kú. Ó jọ pé àánú mi ṣe ọkùnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Èyí tó nihò yẹn? Mo fún obìnrin kan tó lọ́mọ lẹ́yìn. Wọ́n ti wó ilé tiwọn náà. Etí ọ̀sà ló wà."

A rí i. Pákó mẹ́rin ló rì mọ́lẹ̀, ó fi ọ̀rá ṣe ògiri, páànù wa sì ni òrùlé, òun nìkan. Ó ki ọ̀rá omi píọ̀wọ́tà bọ ojú ihò náà, ó sì to búlọ́ọ̀kù sí igun rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e. Kò lè ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Ọmọ tó pọ̀n kò tíì lè gbé orí dúró. Ó ní ọkọ òun wà ní apá Ìbẹ́jú, ó ń wá iṣẹ́ lébìrà. Ọkọ mi la ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́.

Mo ní, "Àbúrò mi, bàbá ọkọ mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan páànù yìí. Ó ti dolóògbé. Wọ́n fẹ́ wó ilé tó kọ́ sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì wà lórí àìsàn. A kò fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣègbé. Jọ̀wọ́, a máa fún ẹ ní tuntun méjì dípò rẹ̀."

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, "Ilé bàbá tèmi náà, Àǹtí, a ò rí nǹkan kan mú kúrò níbẹ̀." Kò tún bi mí ní ìbéèrè kankan. Ọkọ mi sáré lọ ra páànù méjì lójú títì, ó bá a kan ọ̀kan mọ́ pákó rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ gbé èkejì, ọmọbìnrin náà ní rárá. "Ọ̀kan lẹ gbà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan náà ni kí ẹ fún mi. Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere." Ó fa ọ̀rá kúrò nínú ihò náà, ó fi etí ìró rẹ̀ nu páànù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì kúnlẹ̀ bí ó ṣe ń ṣe é. A gbé ògbólógbòó náà, a gbé tuntun kan tó ṣẹ́ kù, a ń lọ.

Ọkùnrin Lẹ́kkí náà gbé òkúta sójú ihò, ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Kó tó di pé a dìde, alẹ́ẹ̀tì owó láti báńkì ti wọ fóònù ọkọ mi. Yàrá méjì àti pálọ̀ la fi gbà ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, a sì ti kó Màmá débẹ̀ kí katapílà tó dé. Ẹsẹ̀ wọn tó wú lọ sílẹ̀. Wọ́n gbin ewédú sẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn ọdún kan ó lé, tíṣà sáyẹ́ǹsì fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ pé òkúta náà ti gborúkọ, wọ́n sì ti tà á, òun àti páànù, ní iye tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà gbọ́. Inú bí i ju èmi lọ. "Ó rẹ́ yín jẹ!" Mo gbìyànjú láti bínú pẹ̀lú rẹ̀, ìbínú náà kò wá. Kí ni ọkùnrin Lẹ́kkí yẹn sọ fún wa tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ó mọ ohun tí a kò mọ̀, ó sì rí i pé ìdààmú ti ká wa mọ́.

Ṣáájú ìgbà náà ni mo ti padà lọ sí etí ọ̀sà. Mo di owó sínú àpò ìwé, mo ti ka ohun tí mo fẹ́ sọ sórí lójú ọ̀nà. Wọ́n ti kó yanrìn bo gbogbo ibẹ̀, wọ́n sì ti fi páànù gígùn ṣe ọgbà yí i ká. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní wọ́n ti lé gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ. Ó wá bi mí pé, "Kí lorúkọ ẹni tí ẹ ń wá?"

Èmi tí mò ń pe orúkọ ogójì ọmọ láràárọ̀, n kò béèrè orúkọ rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo ń ṣàpèjúwe ọmọ tó pọ̀n fún ọkùnrin yẹn, títí ojú fi ń ti òun pàápàá fún mi.

Mo ti máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé irọ́ nìkan lèèyàn fi ń rẹ́ ẹlòmíràn jẹ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọmọbìnrin yẹn, òótọ́ ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin; òkúta nìkan ni n kò dárúkọ. Ká ní mo purọ́ fún un ni, bóyá ǹ bá ti rí ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pìwà dà.