Téṣàn Abúlé Ìyá Mi

Mo rántí ìgbà tí mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìyànà-Ìbà, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí oníbàárà bá ti dínkù báyìí, màá ṣí géèmù rélùwéè tó wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, nínú èyí tí èèyàn ti ń fúnra rẹ̀ to ojú irin, tó sì ń wa ọkọ̀ lórí ẹ̀. Téṣàn rélùwéè abúlé ìyá mi lẹ́bàá Abẹ́òkúta ni mo ń kọ́ síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wó, ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ bó ṣe rí. Mo fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọ, páànù tó ti dípẹtà, igi dóńgóyárò, oòrùn àárọ̀. Ẹni tó bá rí mi á rò pé ìjọba ló gbéṣẹ́ fún mi.

Nígbà tó parí, mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi sí ìkànnì àwọn ọmọ abúlé náà. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Téṣàn wa rèé." Mi ò sọ pé inú kọ̀ǹpútà ló wà. Wọ́n yìn mí títí, orí mi wú.

Ní ọjọ́ kẹta, obìnrin kan pè mí láti Okokomaiko. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá téṣàn yẹn kó tó fẹ̀yìn tì. "Bàbá ti di báàgì wọn o, àǹtí. Wọ́n ní wọ́n ti tún téṣàn àwọn ṣe, àwọn fẹ́ fojú rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ibo la ti máa wọkọ̀?"

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé láptọ́ọ̀pù, mo lọ sílé wọn ní Okokomaiko. Bàbá ti wọṣọ, wọ́n ti dé fìlà. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Wọn ò tún un ṣe. Èmi ni mo ṣe é sínú kọ̀ǹpútà."

Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé itan. Wọ́n ní, "Jẹ́ n rí i."

Mo jẹ́ kí ọkọ̀ wọlé, kó dúró, kó tún lọ. Bàbá wò ó tán.

"O gbìyànjú, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ni ọkọ̀ yìí wá gbé? Téṣàn wo ni kò ní èèyàn?"

Òótọ́ ni. Èmi rò pé èèyàn á ba ẹwà rẹ̀ jẹ́.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni mò ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n á ṣàpèjúwe ẹnì kan, èmi á ṣe é: ìyá tó ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ jà nítorí kò fẹ́ wọkọ̀, tíṣà tí ọkọ̀ máa ń fi sílẹ̀ lọ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Bí mo bá ti fi sí ìkànnì, màá kọ ọ́ pé kọ̀ǹpútà ni, ẹnu Bàbá ni mo sì ti gbọ́ ọ. Oríyìn dínkù, àmọ́ ẹnì kan kọ̀wé pé, "Bàbá mi ni tíṣà yẹn." Nígbà tí mo kà á fún Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Bàbá ò gbà kí n ṣe àwọn fúnra wọn sínú rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀gá téṣàn tó ń fi àsíá darí ọkọ̀ kì í rí ara rẹ̀.

Bàbá ti fi wá sílẹ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó láti ṣe wọn, ni mo bá rí i pé n ò mọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń di àsíá mú. Mo pe ọmọ wọn, òun náà ò mọ̀. Mo fi í sí ọwọ́ ọ̀tún, mo gbé e sí ìkànnì, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kò dá mi lójú. Mo ṣì ń retí ẹni tó máa sọ fún mi pé òsì ni.