Àjẹ̀ Tó Ní Gígé Mẹ́ta

Ọjọ́ tí bàbá mi gbé àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́ létí omi Èjìnrìn ni ayé tí mo mọ̀ parí. Ọjọ́ ọjà ni. Àwọn sójà ti wá ń wá ọ̀dọ́kùnrin tó mọ ọkọ̀ wà, èmi àti Mùsílíù, ọmọ aránṣọ kan ní Ẹ̀pẹ́, sì ti forúkọ sílẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù ló wọ̀ wá lójú. Bàbá mi ò bá mi jà. Ó kàn ní, "Mú èyí dání. O ò mọ irú èyí tí wọ́n máa fún ọ lọ́hùn-ún."

Nílé tiwa, bàbá kì í fi àjẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́ láìfi ọ̀bẹ gé e lábẹ́ ìdìmú, níbi tí àtàǹpàkò máa ń wà. Gígé mẹ́ta ni, ti àárín sì gùn ju méjì yòókù lọ. Bí ọkọ̀ bá kún etí omi lọ́jọ́ ọjà, ọwọ́ rẹ á mọ tìrẹ láìwò ó. Mùsílíù rò pé kí ọwọ́ má baà yọ̀ la ṣe ń gé e. Mo fi í rẹ́rìn-ín, mi ò ṣàlàyé.

Ojú ogun lápá ìlà oòrùn ni wọ́n kó wa lọ. Àgbá ń dún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá sì dákẹ́, etí wa ṣì ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n lé wa dé tòsí odò kan tí a ti fi ọkọ̀ pamọ́ sínú koríko. Ìbọn ti ba Kẹ́hìndé, ọmọ Odògúnyàn, lẹ́sẹ̀, èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Mo fi àjẹ̀ mi lé Mùsílíù lọ́wọ́ pé kó ṣáájú lọ tú ọkọ̀ sílẹ̀.

"Dúró dè wá o," mo ní.

"Níbo ni mo fẹ́ lọ?"

Nígbà tí a débẹ̀, koríko tó tẹ̀ sílẹ̀ nìkan la bá.

Ọjọ́ méjì la fi wà níbẹ̀. Omi ẹrẹ̀ la mu. Mo fa ẹ̀gẹ́ kan tu, a jẹ ẹ́ ní tútù. Kẹ́hìndé ò ké. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi mí: "Ṣé ọkọ̀ ti dé?" Mo ń sọ pé ó ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, kò bi mí mọ́. Ọwọ́ ni mo fi gbẹ́ ilẹ̀ fún un.

Nígbà tí mo rí àwọn èèyàn wa, Mùsílíù dì mọ́ mi, ó ń sunkún. Ó ní òun ń yí ọkọ̀ bọ̀ wá bá wa ni àgbá bà á, pé ó rì tòun ti àjẹ̀ bàbá mi, òun sì lúwẹ̀ẹ́ là. Mo gbà á gbọ́. Èmi ni mo tún ń tù ú nínú. Lẹ́yìn ogun, a di àna: Táófíkì ọmọ rẹ̀ fẹ́ Bíọ́lá ọmọ mi. Kò sí Iléyá tí mi ò jẹ ẹran nílé rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Àṣàkẹ́ ni ọmọ tí wọ́n bí. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ìtàn ogun sì ni oúnjẹ rẹ̀. Òun ló yọ Táófíkì lẹ́nu títí tí gbogbo wa fi wọkọ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú, ó di mùsíọ́mù ogun tó wà lápá ìlà oòrùn. Mi ò kọ́kọ́ fẹ́ lọ.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ rí i," ó ní. "Ta ni kí n wá bi?"

Mo ń wo àgbá kan tó ti dípẹtà nígbà tó pè mí. "Bàbá, ẹ wá wò ó. Àmì tiwa nìyí."

Ó mọ àmì náà, torí pé àjẹ̀ tí mo gbẹ́ lẹ́yìn ogun ṣì wà lára ògiri yàrá mi. Mo wo àjẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ síbẹ̀. Gígé mẹ́ta, ti àárín gùn jù. 

Àṣàkẹ́ ka ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún mi. Sójà kan láti Ẹ̀pẹ́ ló fi í ta wọ́n lọ́rẹ. Wọ́n kọ orúkọ Mùsílíù sí i. Wọ́n ní òun ló fi wa ọkọ̀, tó gbé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó fara gbọta sọdá odò.

Inú Táófíkì dùn. "Àlàájì ò sọ fún wa rí," ó ní. Kí n tó lanu, ó ti pe Àlàájì bàbá rẹ̀, ó sì ti gbé fóònù lé mi lọ́wọ́.

"Mùsílíù," mo ní, "mo rí àjẹ̀ bàbá mi."

  Mo ń gbọ́ adìyẹ nínú ọgbà rẹ̀. Ó ní, "Ṣé Àṣàkẹ́ wà níbẹ̀?"

Ohun tó bi mí nìyẹn, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún ó lé. Kò dárúkọ Kẹ́hìndé. Ká ní ó sọ fún mi nígbà náà pé ẹ̀rù ló ba òun, ǹ bá gbà, torí ẹ̀rù ba gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n máa tu òun nínú, àjẹ̀ bàbá mi sì wà ní yàrá kan nínú ilé tí mo ti ń jẹ ẹran Iléyá, kó tó fi í ta mùsíọ́mù lọ́rẹ. Ó dùn mí wọ eegun.

"Ó wà níbí," mo ní. Ó pa fóònù.

 Àṣàkẹ́ wo ojú mi, ó wo àjẹ̀, ó ṣí ìwé tó ń kọ ìtàn sí. Ọmọ-ọmọ èmi àti Mùsílíù ni.

"Bàbá, ta ni wọ́n gbé sọdá? Wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ síbí."

"Wọn ò gbé e sọdá," mo ní. "Kẹ́hìndé lorúkọ rẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀."