Ṣáà-Máa-Lọ àti JavaScript Rẹ̀

Búrẹ́dì ló sọ olóògbé Ṣáà-Máa-Lọ di gbajúmọ̀. Oníbàárà kan fẹ́ ra méjì lórí ìkànnì tí olóògbé kọ fún ìyá oníbúrẹ́dì, ó ní kí wọ́n fi ẹyọ kan kún un. Kọ̀ǹpútà to 2 àti 1 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó di 21. Búrẹ́dì mọ́kànlélógún ló wọlé tọ oníbàárà náà, bàbá arúgbó tí kò léyín lẹ́nu.

"Kí lẹ fi kọ ìranù yìí?" ìyá oníbúrẹ́dì figbe ta.

"JavaScript ni, ìyá wa. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ni nọ́ńbà yín. Ẹ ṣáà máa lọ, mo máa tún un ṣe."

"Kí n máa lọ síbo? Ṣọ́ọ̀bù ta la dúró sí?"

Olóògbé fẹ́ràn èdè kọ̀ǹpútà yẹn ju ìyàwó tí kò fẹ́ lọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kan náà, kì í yéé bú u.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èdè yín ní nǹkan yìí kì í ṣe nọ́ńbà. Mo ní irú kí ni? Ó ní nọ́ńbà ni!"

"Ṣé gbogbo ẹni tó wà nínú ẹbí ló ń hùwà ọmọ ẹbí? Ìwọ náà ńkọ́?"

Ohun tó wù ú jù ni pé èdè náà kì í tètè ké bí àṣìṣe bá wà. Bí o bá bi í ní ohun tí kò sí, á ní kò sí, á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

"Akíkanjú ni," olóògbé á wí.

"Òpùrọ́ ni," àbúrò á dáhùn. "Àṣìṣe tí kò ké ló ń ba ilé jẹ́."

Ìgbà tó yá, olóògbé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lórí àga. Ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí rẹ̀, ó fi wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì so ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń ṣe yín?"

"Kò sí o. Íńtánẹ́ẹ̀tì mi ò tíì dúró dáadáa tó báyìí rí."

Kí wọ́n tó dé ọsibítù, àrùn ti jẹ wọnú. Dókítà ní kó fi òdo sí mẹ́wàá díwọ̀n ìrora rẹ̀.

"Ẹ fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Nínú JavaScript, òfìfo àti òdo, ọgbọọgba ni wọ́n."

Dókítà wo àbúrò. Àbúrò wolẹ̀.

Nígbà tí dókítà jáde, àbúrò di irin bẹ́ẹ̀dì mú. "Mi ò fẹ́ akíkanjú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ké! Bí ẹ ò bá ké, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ibi tí n ó fọwọ́ kàn?"

Olóògbé di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀yìn ni. Ó ń dùn mí gan-an, àbúrò mi. Ẹ̀rù sì ń bà mí."

Àbúrò fọwọ́ ra ẹ̀yìn náà títí oorun fi gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ẹkún olóògbé ò dá mọ́: ẹ̀yìn ń dùn ún, ìrọ̀rí ń dùn ún, tíì tí kò ní ṣúgà ń dùn ún, àní ohùn nọ́ọ̀sì ń dùn ún. Àbúrò ń ra á, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, olóògbé dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí, ó ti tó." Àbúrò rẹ̀ mirí sí i. Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.