Òṣèré Òde Òní Kì í Lanu

Kí n tó sọ̀rọ̀ kankan, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò sí èyí: ní gbogbo àdúgbò Ojú Òré wa yìí, kò sẹ́ni tó wo fíìmù tó mi. Ìwé kẹrin ni mo kà dé tí bàbá mi fi kú, àmọ́ ọmọ tó gboyè jáde ní yunifásítì ò lè jókòó tì mí kó sọ ìdí tí fíìmù kan fi dùn tí òmíràn fi tẹ́. Mo wo ti Íńdíà, mo wo ti Ṣáínà, mo wo ti Amẹ́ríkà, mo wo tiwa láti ayé kásẹ́ẹ̀tì títí di ìsinsìnyí tí wọ́n ń wò ó lórí fóònù bí ẹni ń wo jígí. Ohun tí mo bá sọ nípa fíìmù, ẹ mú un lọ.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti àwọn tí mo wò lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ó rẹ̀ mí, torí náà bó bá ṣe wá sí mi lọ́kàn ni mo máa sọ ọ́.

Ọ̀kan wà tí gbogbo èèyàn ń pariwo ẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ogún ni. Bàbá olówó kan kú, àwọn ọmọ ẹ̀ ń du ilé. Ilé ọ̀hún tóbi, àmọ́ inú ẹ̀ ṣókùnkùn bí ẹni pé wọn ò rówó ra gílóòbù. Ìyẹn ò tiẹ̀ burú. Ohun tó bí mi nínú ni pé kò sẹ́ni tó lanu nínú wọn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń jà, wọ́n ń jà bí ẹni ń gbàdúrà sínú. Ta ló ń jà bẹ́ẹ̀? Nínú fíìmù àtijọ́, tí ìyá ọkọ bá ń bọ̀ wá dá wàhálà sílẹ̀, láti ẹnu géètì ni ohùn ẹ̀ ti máa ṣáájú ẹ̀ wọlé. Tẹ́ ẹ bá wà nílé ìdáná tẹ́ ẹ ń ro ẹ̀bà, ẹ máa mọ̀ pé ó ti dé. Mo sọ fún ìyàwó mi pé àwọn òṣèré òde òní kì í lanu, pé ẹnu wọn ti wúwo jù. Ó kàn wò mí.

Lọ́jọ́ kejì mo tún gbé ti àtijọ́ sí i, ti jagunjagun kan tó ti ogun dé tó bá ìyàwó ẹ̀ àti àbúrò ẹ̀ lórí ẹní. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti wò ó. Àwòrán ẹ̀ ti ṣá, ó ń gbọ̀n, síbẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló wọ̀ mí létí ketekete, láti ìgbà tí jagunjagun yẹn ti ju idà sílẹ̀ títí dé ibi tó ti fìdí jókòó sílẹ̀ tó ń sunkún bí obìnrin. Mo ní, "Ṣé o rí i? Èyí gan-an ni fíìmù." Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé kì í ṣe etí ni mo fi ń gbọ́ ọ. Irọ́ ni, mo mọ̀. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí. Ẹnu wọn ni mò ń wò, orí mi ló ń bá wọn sọ ọ́.

Etí mi ti ń lọ. Ẹ wò ó, mo ti sọ ọ́.

Ilé iṣẹ́ ìṣó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sáńgò níbí látìgbà tí mo ti Ọ̀ṣun dé. Ẹni tí kò bá tíì dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìṣó rí, kó máa bá tiẹ̀ lọ. Máṣíìnì á fa wáyà, á gé e, á fi òòlù gbá a kó lè ní orí, gbá-gbá-gbá, èyí ò tíì bọ́ sílẹ̀ tán tí òmíràn ti dé, gbogbo máṣíìnì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ là ń fi sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n fún wa ní ohun tí wọ́n fi ń dí etí; èmi ò lò ó. Kí ni màá fi í ṣe? Etí mi lọ̀nà oúnjẹ mi. Èmi ni wọ́n ń pè wá gbọ́ máṣíìnì tó bá ń ṣe ségesège. Ẹnjiníà á gbé kọ̀ǹpútà dé, á máa tẹ̀ ẹ́. Èmi á kàn sún mọ́ ọn, màá dijú, mo ti mọ̀ bóyá bẹ́árìn ló fẹ́ lọ tàbí òòlù ló fẹ́ já. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ mí ní Dókítà. Kò sì sẹ́ni tó fún mi ní orúkọ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Lóṣù tó kọjá, sùpáfáísọ̀ wa pè mí sídìí máṣíìnì keje. Mo sún mọ́ ọn, mo dijú. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé ó yé yín? Kì í ṣe pé mo gbọ́ ọ tí mo sì rí i pé kò ní àléébù. Mi ò gbọ́ nǹkan kan ni. Mo fọwọ́ lé e lára, ó ń gbọ̀n bí gbogbo wọn ṣe ń gbọ̀n. Mo gbé àtàǹpàkò sókè pé kò séwu. Lọ́jọ́ kẹta òòlù ẹ̀ já. Irin tó fò jáde gba ẹ̀gbẹ́ orí ọkùnrin tó dúró tì í kọjá, ó lọ rì sínú ògiri. Ọlọ́run ló kó o yọ. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Wọ́n ní tí Dókítà ò bá gbọ́ ọ, a jẹ́ pé kò sétí tó lè gbọ́ ọ. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Àtọjọ́ yẹn ló ti ń rẹ̀ mí. Mo sùn, mo jí, ó ṣì ń rẹ̀ mí. Ní mọ́ṣáláṣí, èjìká ẹni tó wà níwájú mi ni mò ń wò kí n tó tẹ̀ba.

Bí mo ṣe gbájú mọ́ fíìmù nìyẹn. Òòlù inú fíìmù kì í fò jáde. Mo wo ti Amẹ́ríkà kan, ti ọkọ̀ àti ìbọn, mo gbádùn ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá yìnbọn fún á ṣubú, kò nílò àlàyé. Mo wo ti Ṣáínà kan, tí ẹnu ń lọ síbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ sọ́hùn-ún. Ìyẹn ò yé ẹni tí etí ẹ̀ pé pàápàá. Àmọ́ ti Yorùbá ni ìyàwó mi fẹ́ràn. Mi ò fẹ́ kó fura, mo wá ń yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, mò ń yí i sókè, títí tí Àlhájà tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ fi gòkè wá lọ́sàn-án Sátidé kan, tí téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Àlhájà lóhùn, ìyẹn ni mo ṣe gbọ́ ọ.

"Ẹ kúulé o. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìbò ti dé ni?"

"Ìbò kẹ̀?"

"Mo rò pé kanpéènì lẹ̀ ń ṣe lókè ńbí ni. Obìnrin tí ọkọ lé jáde yẹn, mo ti bá a sunkún tán nísàlẹ̀, mi ò sì tíì rójú ẹ̀ o!"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí ìró ẹ̀ mú. Lẹ́yìn tí Àlhájà lọ, ẹ̀rín yẹn kúrò lójú ẹ̀ kíá.

Ẹ ò mọ bí mo ṣe fẹ́ obìnrin yìí. Ní ìlú wa, ọkùnrin kan ní ilé fídíò, bẹ́ǹṣì la máa ń jókòó lé. Sinimá Íńdíà ni wọ́n máa ń fi hàn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn. Èmi ni mo máa ń jókòó níwájú tí mo máa ń túmọ̀ ẹ̀ fún gbogbo ilé. Ta ló kọ́ mi lédè Íńdíà? Kò sẹ́nì kankan. Ẹni tó bá lè wojú èèyàn, tó sì mọ bí ayé ṣe ń rí, kí ló tún ń wá? Lọ́jọ́ kan, ìyá kan dúró létí odò tó gbé ọmọ ẹ̀ lọ, ó ń sọ̀rọ̀. Mo ní ó sọ fún odò pé, "O mú ọmọ, o fi ìyá sílẹ̀, ta lo fẹ́ kó máa fọ aṣọ tó kù?" Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn tó ń sunkún. Nígbà tá a jáde, ó bá mi lójú ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló tún sọ?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sọ ohun tí ìyá yẹn tún sọ fún un. Òun náà ló wà nínú ilé mi dòní.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Àlhájà, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, ìyàwó mi gbé fíìmù tuntun kan sí i. Ọmọbìnrin kan mú àfẹ́sọ́nà wálé, ìyá ẹ̀ ò fẹ́ ẹ. Mo jókòó dáadáa, mò ń là á yé e bó ṣe ń lọ. Mo ní irọ́ ni ọkùnrin yẹn ń pa, wo bó ṣe ń fọwọ́ kan imú. Mo ní ìyá yẹn ti ń rọ̀. Mo ní orin tí wọ́n fi sábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jẹun yìí, ọ̀jẹ̀ ló kọ ọ́.

"Orin wo ni, Bàbá wọn?"

"Èyí tó ń lọ yìí."

Ó gbé rìmóòtù sókè níwájú mi. "Mo ti pa ohùn ẹ̀ látìgbà tí ọkùnrin yẹn ti wọlé. Wọ́n ti jẹun, wọ́n ti jà, wọ́n ti parí ìjà."

Mo ní, "Mo mọ̀. Mò ń dán ẹ wò ni."

"Ẹ̀ ń dán mi wò."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Ó wá jókòó sórí tábìlì kékeré tó wà níwájú mi, ó dí tẹlifíṣọ̀n mọ́ mi lójú, ó wá rọra ń sọ̀rọ̀ kí n lè rí ẹnu ẹ̀. "Ó pẹ́ tí mo ti ń pè yín láti yàrá tẹ́ ẹ kì í dáhùn. Ìgbéraga ni mo kọ́kọ́ pè é. Ẹ kúkú mọ ara yín."

"Èmi?"

"Máṣíìnì wá ńkọ́?"

Mo sọ ti òòlù tó já fún un. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún. Ó kọ́wọ́ lérí.

"Ọmọ ọlọ́mọ ló dúró síbẹ̀ yẹn."

"Mo mọ̀. Àmọ́ tí mo bá sọ ọ́, kí ló kù fún mi níbẹ̀? Dókítà tí ò létí."

Ó dìde, ó wá jókòó sápá ọ̀tún mi níbi tí etí ṣì kù díẹ̀, ó yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè níwọ̀nba, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fíìmù náà fún mi.

"Ìyá yẹn ní òun ò mọ ilé tí ọkùnrin náà ti wá. Ó ní omi lòun máa bù fún àlejò, òun kì í bu ọmọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dára. Mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ó mọ̀ ọ́n sọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò tíì tó mi. Ó sọ ti ọmọbìnrin náà, ó sọ ti ọkùnrin náà, ó ń yí ohùn padà. Ló bá ku ìyá yẹn nìkan lójú fíìmù, tó ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n bá jáde. Ìyàwó mi ò dákẹ́.

"Ó ní ọkùnrin tó bá mọ̀ pé òun ò gbọ́ràn mọ́, tó tún jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa dúró sídìí irin, ó ní Ọlọ́run máa bi í."

Mo wo ẹnu ìyá yẹn. Ó pa dé pátápátá.

"Ó sọ ìyẹn?"

"Ó sọ ọ́."

"Ẹnu ẹ̀ pa dé o."

"Inú ló ti ń sọ ọ́. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ní òṣèré òde òní kì í lanu ni?"

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo lọ bá sùpáfáísọ̀ nínú ọ́fíìsì ẹ̀, níbi tí ariwo ò pọ̀ sí. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má pè mí wá gbọ́ máṣíìnì mọ́. Máṣíìnì keje yẹn, mi ò gbọ́ ọ. Etí òsì mi ti lọ, ọ̀tún náà ń bá a lọ." Ó tẹrí ba sórí ìwé tó wà níwájú ẹ̀, ó sọ nǹkan kan. Mi ò gbọ́ ọ. Tẹ́lẹ̀, tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, màá mi orí, màá rẹ́rìn-ín, màá jáde. Lọ́jọ́ yẹn mo ní, "Kí lẹ wí?" Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, ó wúwo ju ẹrù wáyà tí mo ti ń gbé látọjọ́ tí mo ti débẹ̀.

Ó gbójú sókè, ó sọ ọ́ sókè: "Mo ní ta ni wọ́n á wá máa pè báyìí, Dókítà?"

Mo ní kí ẹnjiníà máa tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀.

Wọ́n ti gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń di ìṣó sí páálí. Mò ń dí etí mi báyìí, nígbà tó ti pẹ́ jù. Kò sẹ́ni tó ń di páálí tó mi níbẹ̀, ẹ lè béèrè. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń pè mí ní Dókítà, torí ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti máa ń pè é.

Ní ti fíìmù ọ̀hún, a ti wò ó tán. Ó dára. Mi ò kàn lè sọ èyí tó jẹ́ tiwọn níbẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti ìyàwó mi. Mo ní kó máa sọ ọ́ fún mi bó ṣe wà. Ó ní, "Ti ìyá etí odò ìjọ́sí ńkọ́, ṣé bó ṣe wà lẹ sọ ọ́ fún mi?" Mo gbọ́ ìyẹn dáadáa.