Iyán Tí Ẹgbẹ́ Wa Kò Gbọdọ̀ Jẹ

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ìbàdí ìyá mi lọ, mo ti mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe eré lásán. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Ìlá, ẹ ó jẹ́rìí mi. Ọjọ́ kejì Àjíǹde lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ àdúgbò wa, tí à ń pè ní Àgbájọ, máa ń bá àwọn ará Òkè-Ìlá gbá bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá wá bá wa lọ́dún yìí, àwa la ó lọ bá wọn lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, ọkàn mi á ti fi ilé sílẹ̀. Bí ìyá mi bá rán mi lọ pọnmi, ẹ̀bá pápá ni mo máa gbà lọ, ẹ̀bá pápá náà ni mo máa gbà bọ̀, ìdajì omi á sì ti dà kí n tó délé. Mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè, mo fìdí jẹ pàṣán nítorí bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ n kò jáwọ́. Ìyá mi a ní, “Ọmọbìnrin wo ló ń bá àwọn ọkùnrin sáré kiri báyìí?” Ojú mi á ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Kóòṣì ni gbogbo ayé ń pe ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe jẹun. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là gba ibẹ̀ kan, ló ti máa ń fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán pápá sára pátákó tí ẹlòmíràn ti sanwó fún. Àwa ọmọdé a dúró sẹ́nu ọ̀nà, a máa wò ó. Ètò rẹ̀ kò le rárá. Gbogbo wọn á kó sẹ́yìn bí ẹni tí òjò lé wọlé, àfi ẹnì kan ṣoṣo tí yóò dúró síwájú, tí yóò máa retí àánú Ọlọ́run. Mo fẹ́ràn ètò náà nígbà yẹn. Mi ò tíì rí òmíràn ni.

Àmọ́ ìfura ni Kóòṣì fi ń ṣọ́ ẹgbẹ́ wa ju ètò lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: “Páńsá ò fura, páńsá jáná, àjà ò fura, àjà jìn.” Bí rẹfirí bá rẹ́rìn-ín sí wa, Kóòṣì á fura. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, á fura sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹnikẹ́ni láti Òkè-Ìlá bá wá kí ènìyàn rẹ̀ ní àdúgbò wa lọ́sẹ̀ bọ́ọ̀lù, amí ni. Ó kọ́ mi, mo sì gbẹ̀kọ́. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo ti ń wo ojú àwọn ènìyàn bí ẹni tó ń ka ìwé, mo sì ń rí ohun tí wọn kò kọ síbẹ̀.

Ẹ ó rántí pé lọ́dọ̀ wa, àlejò kì í wọ̀lú kó má jẹun. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ bọ́ọ̀lù ni àwọn ìyá ìlú tó gbàlejò máa ń bó iṣu, tí ìró odó á máa dún láti ilé dé ilé. Iyán á funfun, á fà, wọ́n á gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́ tí òórùn rẹ̀ á ti pàdé yín kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n òfin Kóòṣì ni pé ọmọ ẹgbẹ́ Àgbájọ kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ ní Òkè-Ìlá, ì báà ṣe omi. “Ẹ kí wọn, ẹ dúpẹ́, kí ẹ jókòó sórí ọwọ́ yín.” Ó ní ta ló mọ ohun tí wọ́n fi sí i? Ó ní bí wọn ò tilẹ̀ fi nǹkan sí i, ẹni tó jẹ iyán lọ́sàn-án, ṣé ó lè fò mú bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́? Gàrí ni àwọn tiwa máa ń gbé dání láti ilé, pẹ̀lú omi nínú kẹ́ẹ̀gì kan.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nísinsìnyí ni pé bí àwọn ará Òkè-Ìlá bá wá sí Ìlá, àwọn náà kì í jẹ tiwa. Ìyá mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gún iyán títí apá wọn á fi ro wọ́n, àwọn àlejò á dúpẹ́, wọ́n á jókòó sórí ọwọ́ wọn. Àwa ọmọdé la máa ń jogún rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà débi tí mi ò lè dìde, kò sì sí ohun tó ṣe mí. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé bí iyán ìyá tèmi bá mọ́, iyán ìyá ẹlòmíràn náà lè mọ́.

Bùrọ̀dá Láyí ni kípà wa, ẹni tí àwọn onírédíò ń pè ní aṣọ́lé. Bàbá kan náà ló bí òun àti bàbá mi, ṣùgbọ́n ìyá wọn yàtọ̀. Bíríkìlà ni, ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀, bọ́ọ̀lù kì í bọ́ níbẹ̀. Ó fẹ́ràn mi. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jù mí sókè, á tún mú mi bíi pé èmi gan-an ni bọ́ọ̀lù náà. Ohun kan ṣoṣo ni Kóòṣì rí sí i lára: ọmọ Òkè-Ìlá ni ìyá rẹ̀. Kóòṣì kì í sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n bí góòlù kan bá wọlé, ojú Bùrọ̀dá Láyí ló máa ń kọ́kọ́ wò.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti ránṣẹ́ láti Òṣogbo pé ọkùnrin kan ń bọ̀ wá wo àwọn tiwa ní Sátidé tó tẹ̀lé Àjíǹde, pé kípà ló ń wá fún ẹgbẹ́ ńlá kan. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Bùrọ̀dá Láyí ni yóò mú. Òun náà mọ̀. Ó ra ìbọ̀wọ́ tuntun, ó fi í kọ́ sára ògiri, kò jẹ́ kí èmi gan-an fọwọ́ kàn án.

A wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Òkè-Ìlá lọ́jọ́ kejì Àjíǹde, a ń kọrin. Oòrùn mú. Bí a ṣe dé ni wọ́n gbé iyán wá, tí àwọn tiwa kí wọn, tí wọ́n dúpẹ́, tí wọ́n sì jókòó sórí ọwọ́ wọn. Ìgbà náà ni mo rí Bùrọ̀dá Láyí tó yọ́ gba ẹ̀yìn ilé kan lọ. Mo tẹ̀lé e.

Ilé ìyá ìyá rẹ̀ ló wọ̀. Nígbà tí mo fi máa yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó ti fọwọ́, ó ti ń jẹun. Ìyá arúgbó náà jókòó tì í lórí àpótí, ó ń fọwọ́ pa á lórí, ó ń kì í wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lójú tèmi, wọ́n ń dìtẹ̀ ni. Mo fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ìyá náà ti rí mi. “Ọmọ ta nìyí? Wọlé, jẹun.” Bùrọ̀dá Láyí rẹ́rìn-ín, ó bu ẹran tó tóbi jù nínú àwo rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. “Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Bí mo bá délé ìyá mi àgbà tí mi ò jẹun, ẹkún ni yóò fi ọdún yìí sun.” Mo gba ẹran náà. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ọwọ́ mi. Ẹ má jẹ́ n parọ́ fún yín, ó dùn.

Ní ìdajì àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò rí ilé wa wọ̀. Ní ìdajì kejì, àwọn tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ mú ìbàdí. Gàrí ti dà nínú wọn, omi kẹ́ẹ̀gì ti tán, gbogbo àwọn tí Kóòṣì kó sẹ́yìn dúró bí òpó. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì ń fò. Bùrọ̀dá Láyí fò sọ́tùn-ún, ó fò sósì, ó fi àyà gba bọ́ọ̀lù, ó fi orúnkún gbà á. Ó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìparí ni bọ́ọ̀lù kan gba àárín ẹsẹ̀ àwọn tiwa kọjá, ó sì wọlé. Ẹyọ kan péré. Mo sunkún débi tí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Nínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó kọrin. Kóòṣì dìde dúró, ó di irin ọkọ̀ mú, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ẹnì kan ti jẹun lónìí,” ó ní. “Ta ló rí nǹkan?” Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Inú ń bí mi, bẹ́ẹ̀ ni mo sì tún fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ojú mi ríran. Mo ní, “Bùrọ̀dá Láyí jẹ iyán.”

Ariwo sọ. Àwọn kan ní abájọ. Kóòṣì ní ẹnu tó jẹ dọ̀dọ̀ kò lè sọ òdodo, nítorí náà kó má wulẹ̀ ṣàlàyé. Wọ́n dá ọkọ̀ dúró, wọ́n gbé epo pupa fún un pé kó mu ún kó lè bì, nítorí ìbátan wọn ṣì ni, wọn kò fẹ́ kó kú. Ó mu ún. Ó bì lẹ́bàá títì níwájú gbogbo wa. Nígbà tó gbójú sókè, èmi ló wò. Mo ń retí kó sọ pé èmi náà jẹ níbẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni: “Ẹ wo ọmọ yìí, òun náà jẹ ẹ́, kí ló ṣe é?” Ọ̀rọ̀ ì bá parí. Kò sọ ọ́. Ọ̀rá ẹran náà ṣì wà lábẹ́ èékánná mi. Èmi náà kò sọ nǹkan kan.

Ní Sátidé, ọkùnrin Òṣogbo náà dé. Ẹlòmíràn ni Kóòṣì fi sílé, ọmọ kan tí ń bẹ̀rù bọ́ọ̀lù, góòlù sì wọlé léraléra. Ilé kan wà tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Orí rẹ̀ ni Bùrọ̀dá Láyí wà, ó ń to búlọ́ọ̀kù, kò yíjú sí wa. Àlejò náà kò mú ẹnikẹ́ni lọ. Bùrọ̀dá kò sì ṣọ́lé fún Àgbájọ mọ́ láyé.

Mo ti dàgbà báyìí, mo ń kọ́ni nílé ìwé ní Ìlá níhìn-ín. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Bùrọ̀dá Láyí, tí irun rẹ̀ ti funfun, la jọ máa ń lọ sí ilé ìwòran láti wo ẹgbẹ́ tí à ń tì lẹ́yìn nílùú òyìnbó. Ìfura mi kò dín kù. Bí kóòṣì wọn bá yọ agbábọ́ọ̀lù kan nígbà tí eré ń dùn, màá bi gbogbo ilé pé ta ló bá a sọ̀rọ̀. Apá òsì ẹ̀yìn wọn lórí pápá, tí wọ́n máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé ojú lásán ni. Bùrọ̀dá Láyí a kàn máa rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti bi í lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe wà ní ìsinmi, pé kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀ mi nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. “Wọn ì bá fún ìwọ náà lépo mu,” ó ní.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Kí Àjíǹde èyí tó kọjá tó dé, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Kóòṣì. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, pátákó rẹ̀ kan ṣì fara ti ògiri. Mo jẹ́wọ́ fún un pé èmi náà jẹ nínú oúnjẹ náà, pé inú mi kò tilẹ̀ kùn, pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi iyọ̀ àti ata. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó wá bi mí pé, “Ta ló rán ẹ wá? Ṣé Láyí ni?” Mo sunkún kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo mọ ojú tó fi wò mí yẹn. Ojú tèmi ni.

Láyé ìgbà náà, wọ́n ń gún iyán fún wa, a ò jẹ ẹ́. Láyé ìsinsìnyí, kò sẹ́ni tó ń gún un. Kúlà ìrẹsì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbé bọ̀ láti ìlú rẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì mọ́rí, wọ́n á jẹun tán kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, omi inú ọ̀rá ni wọ́n sì ń mu. A kò sàn jù wọ́n lọ ní ti ìfura nígbà tiwa. Ó kàn jẹ́ pé tiwa ní iyán tó ń gbóná níwájú, ènìyàn sì lè yí ọkàn padà. Nígbà tí àwọn ará Òkè-Ìlá wá lọ́jọ́ kejì Àjíǹde yìí, mo bó iṣu, mo gún un fúnra mi, mo gbé e lọ sí ìdí bọ́ọ̀sì wọn. Àwọn ọmọ náà kí mi dáadáa, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé fèrèsé wọn sókè. Mo gbé iyán mi padà sílé. Bùrọ̀dá Láyí ti jókòó sí ilé ìdáná, ó ti fọwọ́. Mo gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fi ẹran tó tóbi jù sí i. Kó tó bu òkèlè àkọ́kọ́, mo dìde, mo lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bóyá ọmọ kan wà níbẹ̀.