Yàrá Iwájú Nínú Ilé Okùn

Tí ẹ bá ń wá Ìyá Onísípù nílé tó ń gbé, ẹ má wulẹ̀ kanlẹ̀kùn. Kọ́rídọ̀ ló wà. Máṣíìnì rẹ̀ fara ti ògiri láàárín ilẹ̀kùn yàrá wọn méjèèjì, ó sún mọ́ balùwẹ̀ gbogboogbò, gbogbo ayálégbé inú ilé náà ló sì ń gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń lọ wẹ̀ á ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀." Ẹni tó wẹ̀ tán á ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o," omi á sì máa ro tó, tó, tó sórí aṣọ oníaṣọ. Ẹni tí inú ń run kì í kí èèyàn rárá, eré ló ń sá. Ìyá Onísípù ti mọ̀ wọ́n lẹ́sẹẹsẹ débi pé tó bá ti gbọ́ ìró bàtà lẹ́yìn, á tẹ̀ síwájú lé máṣíìnì lórí bí ẹni tó ń kí ọba, kí onítọ̀hún lè kọjá, á tún gbéra sọ, á máa bá iṣẹ́ lọ.

Wọ́n ń pè é ní Onísípù torí kò sí sípù tó lè bá a ṣagídí. Sípù tó ti ká léyín, sípù tó lanu tí kò fẹ́ pa á dé mọ́, á kàn wò ó báyìí, á fi ìka tẹ̀ ẹ́ níbì kan, ó parí. Èèyàn kúkurú ni, ọ̀rọ̀ kì í sì pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Kì í ṣe pé kò lọ́rọ̀ o. Pínnì ló máa ń wà níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló wù ú: yàrá tó kọjú sí títì. Kò bèèrè yàrá ńlá. Kí ẹni tí báàgì ẹ̀ já lójú ọ̀nà sáà lè gbójú sókè kó rí òun, kó yà wọlé. Nínú kọ́rídọ̀ yìí, àfi ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ló lè rí i.

Ooru mú lọ́dún yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Iléèwé ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àwọn ọmọ wà nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àbíkẹ́yìn, ọmọkùnrin tí kì í rìn tó bá lè sáré, ń jókòó sínú báfù omi tútù, ó ní òun ò jáde mọ́ títí wọlé iléèwé. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, Rédíò, ń sín gbogbo ayálégbé jẹ láti orí dé ẹsẹ̀: bí ẹni ìsàlẹ̀ ṣe ń wúkọ́, bí onílé ṣe ń bèèrè owó ilé bí ẹni pé òun ló jẹ gbèsè. Ìyá àgbà, ìyá bàbá wọn, jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀, ó ń bá ooru jà, ó sì ń bá ẹnikẹ́ni tó bá dí afẹ́fẹ́ jà.

Ọkọ Ìyá Onísípù, bíríkìlà ni. Ó-Tọ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí kò lè fojú rí nǹkan tó wọ́ kó má tò ó. Wọ́n bá gbé búrẹ́dì síwájú ẹ̀, á kọ́kọ́ tò ó kó gún régé kó tó jẹ ẹ́. Tọkọtaya yìí ti ra ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá títì, wọ́n ti rọra san án tán, ó wá ku ilé. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, wọ́n ń jẹun, Ó-Tọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrẹ́dì kọ́lé lórí tábìlì.

"Ẹ wò ó. Èyí ni yàrá Màámi. Èyí ni ti àwọn ọmọ. Èyí ni kíṣìnì." Ó mú èyí tó tóbi jù, ó gbé e sí iwájú pátápátá. "Èyí wá ni pálọ̀! Ó kọjú sí títì gbọnrangandan. Àlejò á bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, á ní, 'Háà, ilé ta nìyí?'"

"Àlejò wo?" Ìyá àgbà bèèrè.

"Àlejò kẹ̀, Màámi! Àwọn èèyàn!"

"Látìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ yín, àlejò tí mo rí ò ju ẹni tó wá gé iná lọ."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ó-Tọ́ ò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Pálọ̀ tó ti kọ́ fáwọn èèyàn ò lóǹkà, kò sì tíì jókòó nínú ọ̀kan rí. Ọjọ́ tí àga bá ń wọlé ni bíríkìlà ń jáde.

Ìyá Onísípù, tó ṣì ń rán aṣọ oníbàárà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, yọ pínnì lẹ́nu. "Tèmi ńkọ́, Bàbá Rédíò?"

"Ẹ̀yìn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀, Ìyá Rédíò! Á dà bí ẹni pé etíkun lo wà."

"Ó dáa," ló sọ, ló bá dá pínnì padà sẹ́nu. Inú ẹ̀ ò dùn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọkọ òun ti ń lá àlá pálọ̀ yìí kó tó mọ òun rárá. Báwo lèèyàn ṣe ń gba àlá mọ́ ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Mọ́ńdè làwọn ọmọ iṣẹ́ ń bọ̀ wá gbẹ́ ìpìlẹ̀. Wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ tán, ibi tí ògiri bá wà ló máa wà títí ayé.

"Dádì," Rédíò ní, "Àbíkẹ́yìn ti jẹ yàrá wa."

Ó-Tọ́ ní àṣà kan tí àwọn bíríkìlà yòókù fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá ti kan èèkàn, tó ta okùn yí ká bí ilé ṣe máa rí, kì í jẹ́ kí ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ àfi tí onílé bá kọ́kọ́ wá gbé inú okùn náà fún odindi ọjọ́ kan. "Ẹ wá jókòó, ẹ jẹun, ẹ bá ìyàwó yín jà níbẹ̀," ló máa ń wí fún wọn. "Tí ilé ò bá ní gbà yín, ẹ jẹ́ ká mọ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ okùn. Ilé kì í purọ́ fún ẹni tó bá gbé inú ẹ̀." Àwọn kan á rẹ́rìn-ín ẹ̀ lọ. Àwọn kan á padà wá ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá àwọn sún ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ó wá kan òun náà. Ní àárọ̀ Sátidé, gbogbo wọn ti dé orí ilẹ̀ pẹ̀lú àga, sítóòfù, agboòrùn ńlá méjì àti kúlà omi. Ìyá Onísípù gbé máṣíìnì ọlọ́wọ́ dání, torí aṣọ iléèwé tó fẹ́ tú létí pọ̀ nílẹ̀, àwọn ọmọ oníbàárà ẹ̀ ò yéé ga.

Okùn funfun ti wà nílẹ̀, ó nà tantan, òkúta méjì méjì ló ń fi ẹnu ọ̀nà hàn. Ìyá àgbà gba yàrá ẹ̀ lọ tààrà, ó gbé àga síbẹ̀, ó sì gba ilé náà gbọ́ ju ẹni tó ń kọ́ ọ lọ. Àbíkẹ́yìn sáré láti kíṣìnì wá bá a.

"Ìwọ! Ibo lo gbà wọlé?"

"Ibí yìí, Màmá àgbà."

"Ògiri nìyẹn! Iwin ni ẹ́ ni? Padà síta, kó o gba ẹnu ọ̀nà!"

Ọmọ yí padà, ó tún fò kọjá lórí okùn.

"Ó tún gba ògiri jáde! Ẹ gbà mí o, ọmọ yìí máa wólé pa wá!"

Nínú pálọ̀, Ó-Tọ́ ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ láàárọ̀. Ó jókòó sábẹ́ agboòrùn, ó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, àga àlejò méjì wà níwájú ẹ̀. Ó dìde, ó tò wọ́n kó dọ́gba, ó tún jókòó. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, Ìyá Onísípù gbé máṣíìnì lé orí àpótí. Ká má parọ́, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń rí níwájú ò ju ọgbà aládùúgbò àti ṣòkòtò péńpé kan tí wọ́n sá sórí ẹ̀ lọ. Ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ máṣíìnì, kẹrẹkẹrẹkẹrẹ.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan tó gbé báàgì ìrìnàjò dúró lójú títì. "Ẹ ǹlẹ́ o! Ṣé aránṣọ wà níbí ni? Mò ń gbọ́ máṣíìnì."

Ó-Tọ́ ti fò dìde. "Ẹ káàbọ̀! Ẹ wọlé, ẹ wọlé!"

Obìnrin náà gbẹ́sẹ̀ lé okùn.

"Ẹnu ọ̀nà!" Ìyá àgbà ké láti yàrá.

Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ilẹ̀ gbalasa ló rí. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹnu ọ̀nà wo?"

"Àárín òkúta yẹn!"

Ó gba ibẹ̀ wọlé, Ó-Tọ́ nawọ́ sí àga. "Ẹ jókòó. Ẹ mu omi tútù."

"Ẹ ṣé, sà, mi ò lè jókòó. Sípù báàgì mi ló já, mò ń sáré lọ síbi ọkọ̀."

Ó gba pálọ̀, ó gba kọ́rídọ̀, ó yà fún Rédíò níbi tó ti ń din ẹyin, ó gba ẹnu ọ̀nà Ìyá àgbà kọjá, ó dé ẹ̀yìn. Ìyá Onísípù tẹ sípù náà níbì kan, ó rán ìdí ẹ̀, obìnrin náà sì fẹ̀rín jáde. Ó lọ sọ níbùdókọ̀ ni àbí kò sọ, ẹ̀rí ọkàn ẹ̀ ló mọ̀. Ohun tá a mọ̀ ni pé nígbà tó fi di ọ̀sán, àwọn èèyàn ń wọlé ṣáá. Báàgì iléèwé. Àpò tí okùn ẹ̀ já. Ọkùnrin kan mú àgọ́ ìpàgọ́ wá, ó gùn láti kíṣìnì dé pálọ̀. Ó-Tọ́ ń dìde fún gbogbo wọn: "Ẹ káàbọ̀! Ẹ jókòó!" Gbogbo wọn ń ní, "Ẹ ṣé, sà. Ibo la máa gbà dé ẹ̀yìn?" Rédíò gbé ṣíbí tó fi ń din ẹyin sókè, ó mú ohùn bàbá ẹ̀: "Ẹ káàbọ̀! Pálọ̀ rèé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹnìkan ò ní jókòó ni?"

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ bú jáde. "Mi ò lè gbé ilé yìí! Mo fẹ́ pààrọ̀ aṣọ, ọkùnrin kan ń gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá, ó ń kí mi! Ṣé ojú títì lẹ kọ́ mi sí ni?"

"Màámi, ṣẹ́ẹ ti bọ́ aṣọ ni?" Ó-Tọ́ bèèrè.

"Mi ò tíì bọ́ ọ! Tí mo bá wá bọ́ ọ ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Káfíńtà, ọ̀rẹ́ Ó-Tọ́ láti ìgbà ọmọṣẹ́, fi dé. Òun ló máa ṣe ilẹ̀kùn, ó wá wo ẹnu ọ̀nà. Ó ti kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi fìlà bo iwájú ara, ó rọra wọlé bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún.

Ojú Ó-Tọ́ là. "Ọ̀rẹ́ mi! Àlejò gidi dé! Jókòó!"

"Mi ò lè jókòó."

"Kí ló dé? Pálọ̀ mi ò dáa?"

"Ó dáa gan-an. Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn. Jókòó ná, jàre!"

Káfíńtà fẹnu sí i létí. "Sípù ṣòkòtò mi já bí mo ṣe ń sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ibo ni kí n gbà?"

"Kò gbọdọ̀ gba ọ̀dọ̀ mi!" Ìyá àgbà pariwo. Etí ìyá yẹn mú. Rédíò ti gbé ọmọrí ìkòkò bo iwájú, ó ń rìn tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀ nínú kíṣìnì. Àbíkẹ́yìn rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ìdí lé èèkàn.

Ìyá Onísípù gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó dìde, ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú, ó gba kọ́rídọ̀ wá sí pálọ̀, ó fún Káfíńtà ní aṣọ ìdáná kó fi bora, ó gba ṣòkòtò, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àga àlejò, ó rán sípù náà. Ìgbà àkọ́kọ́ látàárọ̀ nìyẹn tí ẹnìkan jókòó lórí àga yẹn. Nígbà tó ṣe tán, kò dá pínnì padà sẹ́nu.

"Bàbá Rédíò, tó bá jẹ́ oníbàárà yín ló gbé inú ilé yìí lónìí, kí lẹ máa sọ fún un?"

Ó-Tọ́ fi ẹsẹ̀ ti àga kan, ó dọ́gba. "Oníbàárà kọ́ ni mí."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà sọ fún mi."

Ó wo àga. Ó wo ọ̀nà tí àwọn èèyàn ti tẹ̀ láàárín ilé ẹ̀, koríko ti sùn sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn. Ó wo ìyá ẹ̀ tó ń fi aṣọ bo ara tí kò ṣí. Káfíńtà ní òun máa lọ síta ná.

"Mo máa ní kó tú okùn," Ó-Tọ́ sọ níkẹyìn. "Mo máa ní yàrá aránṣọ ló yẹ kó wà níwájú." Ohùn ẹ̀ wá kéré. "Pálọ̀ mi wá ńkọ́?"

"Gbé e wá sẹ́yìn níbí," Ìyá àgbà ní. "Ṣebí o ní ó dà bí etíkun. Àlejò tó bá fẹ́ràn wa á rìn dé ẹ̀yìn."

Ẹ̀rín ni Ó-Tọ́ fi dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀, ó mú òòlù, ó fa èèkàn yọ. Okùn pálọ̀ sì rọ̀ jọwọlọ sílẹ̀.

"Ìyá Rédíò, wá jókòó síbí. Ṣe bí ẹni pé ò ń ránṣọ."

Ó jókòó. Ojú tì í. Ó ti wọn apá àti ìbàdí gbogbo àdúgbò, kò sẹ́ni tó wọn òun rí.

"Na apá." Ó nà án. Ó-Tọ́ kan èèkàn sí ibi tí ìka ẹ̀ parí. "Ìkejì."

"Ẹ fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀," ó ní. "Ọmọ tó ń dàgbà, wọn kì í rán aṣọ ẹ̀ kó fún un. Mo fẹ́ gba ọmọṣẹ́. Tó bá yá, máṣíìnì kejì."

"Máṣíìnì kejì! Ẹ gbọ́ o, Màámi, ó ti ń gba gbogbo ilẹ̀." Ṣùgbọ́n ó sún èèkàn.

Ìyá Onísípù dìde, ó wò ó, kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fa èèkàn iwájú yọ fúnra ẹ̀, ó gbé e lọ sí ọ̀nà títì.

"Ìyá Rédíò, gọ́tà nìyẹn o!"

"Ẹ jẹ́ kí n wo bó ṣe máa rí níbẹ̀ ná," ó ní, ó sì gba òòlù lọ́wọ́ ẹ̀.