Omi Tún Sun Nínú Igbó Ọba Láfẹ́nwá

Ẹ bá mi yọ̀ o! Mo bu omi lu ìyá ọkọ mi lójú lónìí, ilé ò sì dàrú!

Àwa márùn-ún la yọ̀ǹda ara wa láàárọ̀ yìí láti lọ kó ìdọ̀tí kúrò nínú igbó ọba tó wà lẹ́yìn Láfẹ́nwá. Alhaja, ìyá ọkọ mi tó ń ṣe iṣẹ́ aró, bá wa lọ. Wọ́n dúró síwájú òkìtì pàǹtí kan, wọ́n ní, "Abẹ́ ibí ni ìsun omi wà. Mo ń pọn ọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọge."

Mo ní, "Màmá, ààtàn lásán mà nìyí."

"Ẹ ṣáà máa gbẹ́ ẹ!"

A kó táyà, agolo mílíìkì, okùn kásẹ́ẹ̀tì tó lọ́ mọ́ ara wọn. Ẹ̀yìn ń ro mí, mo ti fẹ́ ju ọkọ́ sílẹ̀. Lójijì ni ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Omi! Omi tútù tó mọ́ gaara!

Alhaja bọ́ bàtà, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n bọ́ sínú omi náà, wọ́n sì bu omi lù mí lójú. Èmi tí n kì í lè wojú wọn, n kò mọ ìgbà tí mo bu tèmi padà!

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, ọwọ́ ẹ mà le o!"

Ọdún mẹ́ta tí mo ti wọlé wọn, "ìwọ yìí" ni wọ́n ń pè mí.

Lọ́jọ́ Sátidé, a ó gbin igi yí ìsun náà ká kí àwọn ẹyẹ lè padà wá. Màmá ní ọparun ló dáa jù. Èmi ní àgbálùmọ̀ ni. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló láyà láti gbè mí lẹ́yìn lójú Alhaja?